Ẹ Má Ṣe Fi Oògùn Pa Táǹkì Ìgbọ̀nsẹ̀ Ilé Yín

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí kì í ṣe irú èyí tí a ń sọ nídìí oúnjẹ. Àwọn àgbà wa kì í tilẹ̀ fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Wọn a ní àwọn fẹ́ ṣe gáà, tàbí kí wọ́n ní àwọn ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹni tí ó bá sì gbọ́ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ń tì wá láti dárúkọ yìí ni ó ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ sínú kànga tí a ń pọn mu. Ìwé ìròyìn tí ó bá lè kọ̀wé lójoojúmọ́ lórí ìdìbò àti lórí owó tí ìjọba ń pín, tí kò sì lè kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lórí ohun tí ń bẹ lábẹ́ ilẹ̀ àgbàlá àwọn tí ń rà á, kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Àwọn tí ewú ti bo orí wọn láàrin yín kò ní ṣàì rántí àwọn agbépóò. Òru ni wọ́n ń rìn. Wọn a da aṣọ bojú kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ wọ́n, wọn a sì ru garawa ìgbẹ́ ilé gbogbo kọjá lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ tí ó bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ìyá rẹ̀ ni yóò bẹ̀bẹ̀, nítorí agbépóò tí inú bá bí lè da ẹrù rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹni kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. A fi ojú ẹ̀gàn wò wọ́n, bẹ́ẹ̀ àwọn ni kò jẹ́ kí ìgbẹ́ gba ìlú. Nígbà tí ìgbọ̀nsẹ̀ olómi dé, iṣẹ́ agbépóò parí, inú wa sì dùn. A tẹ irin, omi hó, ohun gbogbo lọ. Ó lọ síbo? Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò bi ara wa rí.

Kò lọ síbì kankan. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá òkè òkun, páìpù ìjọba ni ó ń gba abẹ́ títì kó ẹ̀gbin gbogbo ilé lọ sí ibi kan tí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Ní ilẹ̀ tiwa, àwọn àdúgbò tí a ṣe irú páìpù bẹ́ẹ̀ sí kò tó nǹkan. Festac Town, tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ní ọdún 1977, wà lára wọn. Ní ìyókù, láti Agége dé Ìbàdàn, láti Abẹ́òkúta dé Àkúrẹ́, oníkálukú ni ó gbẹ́ kòtò tirẹ̀ sí àgbàlá ara rẹ̀. Kòtò náà a máa pín sí méjì. Èkíní ni táǹkì, tí a fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì kọ́, tí kò gbọdọ̀ jò. Èkejì ni sọ́kàwéè gan-an, tí omi ti ń rì sínú ilẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa pe méjèèjì pọ̀ ní sọ́kàwéè, kò sì burú, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá wa lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kàn rẹ̀.

Ará Faransé kan, Jean-Louis Mouras, ni a gbà pé ó kọ́kọ́ ṣe irú táǹkì bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1860. Lẹ́yìn rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1895, Donald Cameron, ẹni tí ń bojú tó iṣẹ́ ìlú Exeter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ tirẹ̀, òun ni ó sì fún un ní orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pè é títí di òní. Inú èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá, ìjẹrà ni ó sì ń tọ́ka sí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn kọjá lára yín. Ìjẹrà ni iṣẹ́ táǹkì. Táǹkì tí nǹkan kò lè jẹrà nínú rẹ̀ mọ́ ti di kòtò lásán.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ nìyí. Bí omi ìgbọ̀nsẹ̀ bá ti wọlé, ohun tí ó wúwo a rì sí ìsàlẹ̀, ọ̀rá àti epo a léfòó sókè, omi a sì dúró láàrin. Nínú òkùnkùn yẹn, níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, àìmọye kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ń jẹ ohun tí ó rì, wọ́n ń sọ ọ́ di omi àti gáàsì. Omi àárín nìkan ni ó yẹ kí ó ṣàn kọjá sí sọ́kàwéè. Ilẹ̀ yóò wá sẹ́ ẹ, àwọn kòkòrò mìíràn tí ń gbé inú ilẹ̀ yóò sì parí iṣẹ́ náà kí omi tó dé ibi tí omi kànga wà. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀, kò sí iná mànàmáná, kò sí òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù. Àwọn kòkòrò yìí ni òṣìṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi ohun tí gbogbo ìyá ilé mọ̀ ṣe àpèjúwe. Bí a bá bó ẹ̀gẹ́ tí a rẹ ẹ́ sínú omi, ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin yóò ti kan, yóò sì ti rọ̀ débi pé a lè fi ọwọ́ fọ́ ọ di fùfú. Kì í ṣe omi nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ yẹn. Kòkòrò àìfojúrí ni, irú àwọn tí ń mú ògì kan, tí ń mú irú rùn. Bí ẹnìkan bá wá da ìdajì ìgò Izal sínú ìkòkò ẹ̀gẹ́ náà ní ọjọ́ kìíní, kí ni a rò pé ìyá onífùfú yóò bá níbẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin? Yóò bá ẹ̀gẹ́ líle nínú omi tí ń rùn bí ilé ìwòsàn. Ohun tí a kò jẹ́ ṣe sí ìkòkò fùfú ni a ń ṣe sí táǹkì wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí a sì ń pè é ní ìmọ́tótó.

A kò fẹ́ ṣe àbùmọ́. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ìdérí Hypo kan péré ti tó láti pa táǹkì ń dẹ́rù bà yín lásán ni. Ní ọdún 1987, ní Yunifásítì Arkansas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a ṣe ìwádìí kan láti mọ bí kẹ́míkà inú ilé ti gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kí ó tó pa àwọn kòkòrò inú táǹkì. Ohun tí a rí ni pé nínú táǹkì tí ó gba ẹgbẹ̀rún gálọ́ọ̀nù, bílíìṣì tí yóò ṣe irú iṣẹ́ ibi bẹ́ẹ̀ ju gálọ́ọ̀nù kan lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àti pé àwọn kòkòrò náà a tún máa pọ̀ padà láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ti kẹ́míkà oníhóró tí a fi ń la páìpù tí ó dí, èyí tí kọ́sítíìkì wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n tí ó gbà kéré jọjọ sí ti bílíìṣì. Ẹni tí ó bá fi bílíìṣì díẹ̀ fọ àwo ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ kò ṣe ohun tí ó burú. Ẹni tí ń da ìgò lé ìgò ni ọ̀rọ̀ wa bá wí.

Ẹ sì jẹ́ kí á ro ti ilé tiwa. Ilé tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìdílé kan ni ó sábà máa ń gbé inú rẹ̀, bàbá, ìyá àti ọmọ mélòó kan. Ní Muṣin tàbí ní Bẹẹrẹ, yàrá mẹ́wàá lè kọjú sí ara wọn kí ìgbọ̀nsẹ̀ wọn má ju méjì lọ. Bí ọjọ́ ìfọlé bá pé, ayálégbé tí ó kan mú Izal tirẹ̀, èyí tí kò fẹ́ kí a sọ pé òun jẹ́ ọ̀bùn fi Hypo lé e, ẹni kẹta sì da omi ọṣẹ tí ó fi fọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan sí i. Táǹkì tí onílé kọ́ kékeré kí owó búlọ́ọ̀kù má baà pọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí. Ìgbà tí àwọn kòkòrò ìbá fi gbèrú padà, ọjọ́ ìfọlé mìíràn ti dé. Omi púpọ̀ tí ń ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà pàápàá ní ewu tirẹ̀: kì í jẹ́ kí ìgbẹ́ ráyè rì, a gbá a kọjá sí sọ́kàwéè pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀, a sì dí ojú ilẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, bí òjò bá rọ̀ díẹ̀, omi dúdú a máa sun jáde lórí ilẹ̀ àgbàlá níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré.

Ohun tí ó ń bí wa nínú jù ni pé òórùn ni a fi ń wọn ìmọ́tótó. Bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá ń rùn, a da Izal sí i. Izal pa àwọn òṣìṣẹ́ inú táǹkì. Nítorí pé wọ́n ti kú, ìgbẹ́ kò jẹ dáadáa mọ́, òórùn sì burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kí ni a wá ṣe? A ra ìgò tí ó tóbi sí i. Àwọn tí ń tà á kò ní dá wa lẹ́kun.

Kọ́sítíìkì tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan yẹn kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn tí ń ṣe ọṣẹ ń lò ó. Àwọn aláró àti àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta ń fi í ṣe omi aró. Ẹ̀yà rẹ̀ wà nínú ìpara tí àwọn onídìrì fi ń na irun obìnrin. Iṣẹ́ wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni a ń ṣe nínú ilé, a kò sì lè sọ pé kí ìyá tí ń fi adìrẹ tọ́ ọmọ níléèwé pa iṣẹ́ rẹ̀ tì. Ṣùgbọ́n omi aró tí ó ti lò tán kò ní iṣẹ́ kankan nínú táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni áásíìdì tí àwọn tí ń gba iná sí bátìrì ń dà nù, àti epo dúdú tí mẹkáníìkì fà kúrò nínú ẹ́ńjìnnì. Àwọn ohun wọ̀nyí kì í pa kòkòrò nìkan. Wọn kì í jẹrà bí ìgbẹ́ ti ń jẹrà; ibi tí omi bá gbà ni wọ́n ń bá a lọ, títí dé inú kànga.

A fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ áásíìdì, nítorí ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Àwọn kan a máa fi áásíìdì ha àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó ti pọ́n, kí wọ́n tó dá omi sí i wọn a tún da bílíìṣì lé e, wọ́n rò pé oògùn méjì lágbára ju ọ̀kan lọ. Bí bílíìṣì bá pàdé áásíìdì, gáàsì kan a jáde tí àwọn òyìnbó ń pè ní chlorine. Gáàsì yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní oṣù kẹrin ọdún 1915. Ohun tí a lò lójú ogun ni a ń pò nínú yàrá kékeré tí fèrèsé rẹ̀ kò tó ojú ìwé ìròyìn yìí, a sì ń sọ fún ọmọ ọ̀dọ̀ pé kí ó ti ilẹ̀kùn kí òórùn má baà jáde. Bílíìṣì tí a dà lé ìtọ̀ tí ó ti pẹ́ pàápàá a máa yọ gáàsì tí ń ta ojú, tí ń mú ènìyàn wúkọ́. Àwọn olùkọ́ tí ń rán ọmọ ilé ìwé lọ fọ ilé ìtọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n fi omi púpọ̀ sàn án.

Nínú táǹkì fúnra rẹ̀, gáàsì mìíràn wà níbẹ̀, èyí tí ń rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́. Bí áásíìdì bá bọ́ sí i, a máa tú jáde ju bí ó ti yẹ lọ. Ìwà burúkú gáàsì yìí ni pé bí ó bá pọ̀ tán, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó wọ kòtò yóò rò pé ó ti lọ, kí ó tó mọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀. Ẹnìkejì yóò bẹ́ wọlé láti gbà á là, òun náà yóò ṣubú. Gbogbo ìgbà ni a ń gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, bàbá àti ọmọ, tàbí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, nínú kòtò kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó wọ inú táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ láìní ohun èlò ìmí àti okùn lára, ẹni tí ó bá sì rí ẹlòmíràn tí ó ṣubú sínú rẹ̀, ariwo ni kí ó pa, kì í ṣe kí ó bẹ́ tẹ̀lé e.

Ti aáyán àti ẹ̀fọn ńkọ́? Nítorí wọn ni àwọn ẹlòmíràn ṣe ń da epo òyìnbó sí sọ́kàwéè, tí àwọn mìíràn sì ń da oògùn apakòkòrò olómi sí i, irú DDVP tí àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kéékèèké lójú ọjà ní ọdún 2019. A mọ ibi tí àṣà epo yìí ti wá. Ní ayé àwọn wolé-wolé, a máa ń da epo sórí omi tí ó dúró sí gọ́tà àti sí kòtò kí àtọmọdọ́mọ ẹ̀fọn má baà rí afẹ́fẹ́ mí. Ó bọ́ sí i fún gọ́tà nígbà náà. Ṣùgbọ́n abẹ́ táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ kì í ṣe gọ́tà. Ilé iṣẹ́ ni, a sì ń da epo lé àwọn òṣìṣẹ́ lórí. Òótọ́ ni pé ẹ̀fọn a máa bí nínú táǹkì. Ọ̀nà tí ó wọlé ni kí á dí: kí á fi sìmẹ́ńtì pa gbogbo ojú tí ó là lára ìdérí, kí á sì so nẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹnu páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ìwọ̀nba sìmẹ́ńtì àti àgékù nẹ́ẹ̀tì kò wọ́n tó oògùn oṣù mẹ́ta.

Àwọn oníṣòwò tí ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kiri ọjà ni ó kù. Wọ́n ní ìyẹ̀fun kan wà lọ́wọ́ àwọn, pé bí a bá ti dà á sí sọ́kàwéè, kò sí ìdí láti pe ọkọ̀ tí ń fa ìgbẹ́ mọ́ láéláé. Ohun tí a lè sọ ni èyí: àjọ EPA, tí ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, kò gba àwọn onílé níyànjú láti máa ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí ìgbẹ́ ènìyàn fúnra rẹ̀ ń kó kòkòrò tí ó tó wọlé lójoojúmọ́. Àwọn oògùn olómi kan tí a ń tà fún iṣẹ́ yìí níbẹ̀ rí tilẹ̀ burú débi pé ìpínlẹ̀ New York ṣe òfin láti ká wọn lọ́wọ́ kò ní Nassau àti Suffolk, ní erékùṣù Long Island, nítorí pé abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń fa omi mímu. Táǹkì ìdílé kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí a fà á ní ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Èyí tí ogójì ènìyàn ń lò kò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí ìgbẹ́ ìsàlẹ̀ àti ọ̀rá òkè bá ti gba ìdámẹ́ta táǹkì, ó tó fà, kò sì sí ìyẹ̀fun tí yóò bá a wí tí yóò gbọ́.

Ẹnìkan lè wí pé, táǹkì mi ni, owó mi ni mo fi kọ́ ọ, kí ni ó kan aládùúgbò? A ó dá a lóhùn pẹ̀lú ìṣirò tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe. Àwọn onímọ̀ ìlera sọ pé ó yẹ kí ó kéré tán tó mítà 30 láàrin kànga àti sọ́kàwéè. Ilẹ̀ tí a ń pè ní pulọ́ọ̀tì kan ní ọ̀pọ̀ ibi jẹ́ àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti ọgọ́rùn-ún ní gígùn. Ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà, mítà 30 àti díẹ̀ ni. Èyí ni pé ẹni tí ó bá gbẹ́ kànga sí igun iwájú ilẹ̀ rẹ̀ gan-an, tí ó sì gbẹ́ sọ́kàwéè sí igun ẹ̀yìn gan-an, ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ àṣẹ yẹn lọ́rùn ni. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ìbú ilẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà 15 lọ? Sọ́kàwéè onílé kan ń bá kànga onílé mẹ́ta sọ̀rọ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ní ti èyí, kì í ṣe oorun nìkan ni a ó pàdánù.

Níwọ̀n ìgbà tí táǹkì bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ a lè fara da ìsúnmọ́ra yìí dé ìwọ̀n kan. Bí táǹkì bá kú, ìgbẹ́ tútù ni ó ń lọ sínú ilẹ̀. Ní ọdún 2024, àrùn onígbáméjì tún jà ní Èkó, ó sì mú ẹ̀mí lọ. A kò sọ pé Hypo ni ó fà á. Àrùn náà ti ń wá ó ń lọ láti ìgbà tí ó ti kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa ní ìparí ọdún 1970, onírúurú ọ̀nà ni ó sì ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n omi tí ìgbẹ́ bá ti kàn ni ó ń gun bí ẹṣin, ẹni tí ó bá sì sọ táǹkì ara rẹ̀ di aláìwúlò ti di gàárì fún un.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú gbogbo, ẹ gbọ́ tiyín. Bí ìdìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn tí ń du ipò a máa gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ fún àdúgbò, wọn a kọ orúkọ wọn sí i lára gàdàgbà. A kò tíì rí ọ̀kan tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sára ibi tí a ti ń tọ́jú ìgbẹ́. Ó yé wa. Kò wu ojú. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè níbi ìpàdé wọ́ọ̀dù: ọkọ̀ tí ń fa ìgbẹ́ ní àdúgbò wa, níbo ni ó ń dà á sí? Ọ̀pọ̀ ọdún ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń da ẹrù wọn sínú ọ̀sà ní Ìddó, lójú ọ̀sán, tí gbogbo ẹni tí ń gba orí afárá Carter kọjá sì ń fi aṣọ bo imú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àṣẹ kan pé kí ìyàgbẹ́ ní gbangba tán ní Nàìjíríà títí di ọdún 2025. Ọdún náà ti dé. Ìgbẹ́ gbangba kò tán, ẹni tí ó sì kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nítorí àṣẹ náà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ìjọba lórí bí yóò ti tọ́jú táǹkì rẹ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ dá àwọn wolé-wolé padà sẹ́nu iṣẹ́ ní pẹrẹu, kì í ṣe láti gba owó ìtanràn, bí kò ṣe láti wọn ìjìnnà sọ́kàwéè sí kànga kí a tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Kí a sì fi dandan lé e pé kí a kọ ohun tí ó wà nínú ìgò kẹ́míkà sí ara rẹ̀ ní èdè Yorùbá, nítorí àwọn tí ń tà á nínú ìgò omi tí a ti lò rí, láìsí orúkọ, láìsí ìkìlọ̀, kún ojú ọjà.

Àwọn ìyàwó ilé lè béèrè pé kí ni kí àwọn wá lò. Búrọ́ọ̀ṣì, ọṣẹ àti omi ni. Ọsàn wẹ́wẹ́ a máa mú àwo funfun bí ẹni bá fún un sí i tí ó jẹ́ kí ó sùn síbẹ̀. Bí Hypo bá di dandan, ìdérí kan tàbí méjì, kì í ṣe pẹ̀lú ohun mìíràn. Epo tí a fi dín àkàrà, kí a má ṣe dà á sí ihò ìfọwọ́. Kí a dà á sínú agolo, kí ó dì, kí a sì kó o dànù pẹ̀lú pàǹtí. Bí páìpù bá dí, okùn irin àti omi gbígbóná ni kí a kọ́kọ́ lò kí a tó ronú kan kọ́sítíìkì. Oògùn òyìnbó tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, àwo ìgbọ̀nsẹ̀ kọ́ ni ibojì rẹ̀.

Ní ti àwọn olùkọ́, a ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ọmọ tí a bá sọ fún pé kòkòrò dára yóò fi wá rẹ́rìn-ín, nítorí láti ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ níléèwé ni a ti ń sọ fún un pé kòkòrò ni ó ń fa àrùn. Ẹ má ṣe bá a jiyàn. Ẹ mú ẹ̀gẹ́ kan, ẹ gé e sí méjì, ẹ rẹ ìlàjì kìíní sínú ìgò omi lásán, ẹ rẹ ìlàjì kejì sínú ìgò tí ẹ da Hypo sí dáadáa, kí ẹ kọ ọjọ́ sí ara méjèèjì. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ fún ọmọ ní igi tẹ́ẹ́rẹ́ kí ó gún ẹ̀gẹ́ méjèèjì wò, kí òun fúnra rẹ̀ sọ èyí tí ó rọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó yàwòrán táǹkì sí ojú pátákó. Ìgò tí Hypo wà nínú rẹ̀, ẹ gbé e sókè níbi tí ọwọ́ kò tó, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan mú ẹ̀gẹ́ inú rẹ̀ lọ fún ìyá rẹ̀ láti fi ṣe fùfú.